Àwọ̀ Gìtá Bàbá Mi

"Ẹ má fọwọ́ kan gìtá àtijọ́ o. Ẹni tó bá fi àwọ̀ tuntun kùn ún, ó ti bà á jẹ́." Ọkùnrin kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kìlọ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Mo ti ṣe é nílé wa níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì bàjẹ́.

Ti bàbá mi ni gìtá náà. Láti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ti ń lò ó, àwọ̀ rẹ̀ sì ti dà bí oyin tó pẹ́ nínú ìgò. Ọyẹ́ ló jẹ́ kí pákó iwájú rẹ̀ sán. Káfíńtà lẹ̀ ẹ́ pọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀ títí ó fi funfun bí ẹ̀kọ. Ọmọbìnrin mi fẹ́ gbé e lọ sí yunifásítì ní Ìjagun, níbi tó ti fẹ́ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ orin. Bàbá mi wo àpá náà, wọ́n ní:

"Bí mo bá ṣì ń rí èyí láti orí àga mi, gìtá ò kúrò nílé."

"Bàbá àgbà, ẹ kúkú sọ pé ahun lẹ fẹ́ ṣe."

"Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Kí lo rò tẹ́lẹ̀?"

Mo ra àwọ̀ igi mẹ́ta: yẹ́lò, pupa àti dúdú. Mo ń kán wọn sínú fáníṣì díẹ̀díẹ̀, mo ń fi kun ègé pákó kan láti dán an wò, mo sì ń jẹ́ kó gbẹ kí n tó wò ó, nítorí fáníṣì tútù máa ń tanni jẹ. Lábẹ́ iná pálọ̀, pákó àti gìtá bára mu. Mo ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo láti kun gìtá gan-an nígbà tí ọmọ mi wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Bọ́ síta, òórùn fáníṣì yìí ò dára."

"Mọ́mì, itọ́ ló há mi lọ́fun."

"Ì báà jẹ́ itọ́, bọ́ síta. Gbé gìtá dání."

"Ṣé gìtá náà ń wúkọ́ ni?"

Gbogbo wa kó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nínú oòrùn ni mo ti rí i pé pákó mi pọ́n bí osùn. Ká ní mo ti kun gìtá nínú ilé ni, àpá funfun ì bá di àpá pupa. Mo fi yẹ́lò sí i, mo kán dúdú bíńtín, mo ń dán an wò títí pákó fi sọnù sára gìtá. Nígbà náà ni mo wá kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó gbẹ, mo tún kùn ún. Ọmọ mi jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀. Èmi ni mo gbé àga rẹ̀ síbẹ̀.

Bàbá mi nu awò ojú wọn, wọ́n wò ó, wọ́n fọwọ́ pa á káàkiri.

"Ibo gan-an ni wọ́n ti tún un ṣe?"

"Ẹ wá a, Bàbá àgbà."

Wọn ò rí i. Wọ́n gbé e lé ọmọ mi lọ́wọ́.

"Máa mú un lọ. Má gbé e sẹ́bàá fèrèsé."

Ẹ̀yin òbí tó ń kà mí, bí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ tuntun bá ti àtijọ́ mu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e síta, ẹ wò ó nínú oòrùn kí ẹ tó kùn ún, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ jìnnà sí òórùn rẹ̀.