Àwo Tí Mo Lọ Pààrọ̀

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń gbé àǹtètè láàyè láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà lárààárọ̀, nínú agolo mílíìkì kan tí mo fi aṣọ dì lẹ́nu. Ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti ń mú wọn, lábẹ́ àwọn pákó tí bàbá mi kó jọ, nítorí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó ń ṣe. Bí mọ́tò bá ti dúró láti já èrò, àwọn àǹtètè náà á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ yíjú sẹ́yìn.

"Ta ló gbé àǹtètè wọ mọ́tò mi?"

"Bóyá ẹ́ńjìnnì yín ló fẹ́ bímọ," ni ìyá kan tó jókòó tì mí wí, gbogbo èrò sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo ti agolo náà sábẹ́ hìjáàbù mi, mo ń wo ìta. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, ó sì yá mi lára láti fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀kà ju kí n dá awakọ̀ yẹn lóhùn lọ.

Ilé Màmá Tíṣà ni mo ń lọ. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe ọmọ Àkókó, yàrá méjì ló háyà nínú ilé kan nísàlẹ̀ òkè. Aláǹtakùn ló ń sìn níbẹ̀. Kì í ṣe jàǹkáriwọ̀ inú àjà o. Aláǹtakùn onírun ni, irú èyí tó ń gbé abẹ́ òkúta, ṣùgbọ́n ràrá ni wọ́n láàárín ẹbí wọn. Ara èyí tó tóbi jù kò ju àtàǹpàkò bàbá mi lọ. Ó ní orí òkè wa ni òun ti rí wọn, pé àwọn tó ń fọ́ òkúta ń jẹ òkè náà lọ díẹ̀díẹ̀, òun sì fẹ́ kí wọ́n máa bímọ sínú ilé kí wọ́n má baà tán pátápátá.

Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀ nígbà tó gbọ́ irú iṣẹ́ tí mo rí. Bàbá mi ló ní kò burú. Ó rántí ohun tí àfáà máa ń sọ nílé kéwú, nípa aláǹtakùn tó ta okùn dí ẹnu ihò àpáta nígbà tí Ànábì wà nínú rẹ̀, tí àwọn ọ̀tá fi rò pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó lọ," ni bàbá mi wí. "Àwọn ẹ̀dá yẹn ti ṣe wá lóore rí." Kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti kúrò nílé ìwé, n kò sì ríṣẹ́ mìíràn. Mo lọ.

Kí n sòótọ́, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Aláǹtakùn kì í béèrè ìdí tí ojú ènìyàn fi ń tì í. Nínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀ ni wọ́n ń gbé, olúkúlùkù nínú tirẹ̀, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ àti èèpo àgbọn tí a gún. Màmá Tíṣà fi ìṣó lu ìdérí wọn kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Iṣẹ́ mi ni kí n fún wọn ní àǹtètè, kí n ṣa èyí tí wọ́n jẹ kù, kí n sì pààrọ̀ omi wọn. Ìdérí ìgò mínírà la fi ń bu omi náà sílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n àwo ni èmi àti Màmá Tíṣà ń pè é. Mo máa ń kí wọn bí mo bá wọlé, láìsí ẹni tó gbọ́.

Èyí tó tóbi jù là ń pè ní Ìyá Àgbà. Òun nìkan ni abo tó ti tó bímọ. Ọmọ mẹ́rin yòókù kò tíì ju erèé lọ. Akọ kan wà tí Màmá Tíṣà rí lórí òkè, ó ti dàgbà tán, akọ tó bá sì ti dàgbà tán kì í pẹ́ láyé mọ́. Ó ní òun ń dúró de àsìkò tó yẹ kí òun tó jẹ́ kí wọ́n pàdé. "Bí Ìyá Àgbà bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́," ni ó wí fún mi, "ó parí nìyẹn. Orúnkún mi ò gbà kí n gun òkè mọ́."

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó ti lọ sí Àkúrẹ́ nítorí ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kí n tó dé. Ó lẹ bébà kan mọ́ ìgò Ìyá Àgbà. Lẹ́tà gàdàgbà ló fi kọ ọ́, kò sì fi àmì kankan sí i lórí, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọ Yorùbá: O FE PAARO AWO. MA FI OWO KAN AN.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo rí kà ni pé ó fẹ́ pààrọ̀ àwo. Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo lè kàwé tó bẹ́ẹ̀. Mo fọ ìdérí mínírà tuntun, mo bu omi sí i, mo ṣí ìgò náà.

Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ gbalaja, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sókè. Ó ti ta okùn funfun sílẹ̀ bí ẹní, orí rẹ̀ ló wà. Mo pè é. Mo fi igi ìgbálẹ̀ kàn án, mo ní igi ìgbálẹ̀ kì í ṣe ọwọ́. Kò mira. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jẹun, mo sì rò pé omi tí mo bù jù fún un lọ́jọ́ Sátidé ló pa á.

Nílé wa, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ohun tí mo rí tí wọ́n ń ṣe fún ènìyàn ni mo ṣe. Mo fi áńkáṣífì mi funfun wé e, mo fi ṣíbí gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, mo tẹ́ ẹ kọjú sí gábàsì, mo ka ìwọ̀nba tí mo mọ̀ lórí rẹ̀. Mo tẹ iyẹ̀pẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí bí mo ṣe ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ó gbàdúrà fún mi. Mo dé ìgò náà padà, mo sì lọ sílé.

Nígbà tí Màmá Tíṣà dé lọ́jọ́ kejì, ó dúró níwájú ìgò náà títí.

"Ṣé o ṣí i?"

Mo mi orí pé rárá. Ó wo ìdérí tí n kò dé wọ̀ dáadáa, ó wo ojú mi, kò sì béèrè mọ́. Ó kúnlẹ̀ tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, ó ń wá a lábẹ́ àga, lábẹ́ ibùsùn. Èmi náà kúnlẹ̀, mo ń bá a wá a.

Ìyàwó onílé gbọ́. Ó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá Tíṣà, ẹranko yín ti sá jáde, ọmọ tó ń rá sì wà nílé yìí!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe ènìyàn ní ibi."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ṣé òun ló sọ fún yín bẹ́ẹ̀? Ẹ bi í léèrè ibi tó wà nígbà náà."

Kí oòrùn tó wọ̀, onílé ti ní kí Màmá Tíṣà wá ibòmíràn lọ kí oṣù tó parí. Mo wà níbẹ̀. Mo ń gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá tán.

Ní ọjọ́rú, Màmá Tíṣà pè mí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ìgò rẹ̀.

"Ó ti kú?" ni mo béèrè.

"Kú kẹ̀? Ó ń bọ́ awọ ni, bí wọ́n ṣe ń dàgbà nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó ti tán. Ṣebí mo kọ ọ́ fún ọ pé Ìyá Àgbà fẹ́ pààrọ̀ awọ? Bí ara rẹ̀ bá ti le padà, ǹ bá jẹ́ kí akọ pàdé rẹ̀."

Awọ ara. Mo wo ọmọ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ là, ó ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó fún.

Nígbà tí Màmá Tíṣà lọ dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, mo lọ hú Ìyá Àgbà. Mo tú áńkáṣífì náà. Ẹsẹ̀ mẹ́rin iwájú ti jáde kúrò nínú awọ àtijọ́, wọ́n funfun, wọ́n rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ há sínú awọ náà. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀, títí agbára rẹ̀ fi tán. Wọ́n gbà mí pé kí n wá sìn ín, èmi ni mo sin ín.

Mo dá a padà síbẹ̀. N kò sọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ara mi nínú mọ́tò pé òní ni n ó sọ ọ́, bí mo bá sì dé, ìgbálẹ̀ ni mo máa ń mú. Nínú ìgò tirẹ̀, akọ náà ń rìn yípo, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú lu ilẹ̀, á dúró, á tún lù ú. Màmá Tíṣà ní bí wọ́n ṣe ń pe abo nìyẹn. Ó kú kí oṣù náà tó parí.

Lọ́jọ́ tí Màmá Tíṣà kó ẹrù, ó di ọwọ́ mi mú. "Bí o bá rí i níbikíbi," ni ó wí, "má jẹ́ kí wọ́n pa á." Mo ní, "Ẹ̀n, mà." Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó mọ̀. Nígbà mìíràn lóru, bí mo bá fi aṣọ bo ojú mi sùn, ọwọ́ mi méjèèjì á ṣàdéédéé tì í kúrò.

Bàbá mi dákẹ́ lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn kírun àsùbáà. Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e, àwọn ọkùnrin ti tẹ̀ ba láti gbé e. Mo bọ́ síwájú wọn.

"Ẹ dúró díẹ̀."

"Kí la ń dúró dè?" ni àbúrò bàbá mi béèrè.

"Mi ò mọ̀, sà. Ẹ sáà dúró."

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà rẹ̀ lórí aṣọ náà, mo sì fi síbẹ̀. Ó tutù, kò sì sí ohunkóhun tó ń mira lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dá mi lójú, mo yàgò fún wọn. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń ṣe mí. Ohun tí mo ń rò lọ́jọ́ náà, tí mo ṣì ń rò di ìsinsìnyí, ni pé n kò tilẹ̀ pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ tí mo ti ń lò láti kékeré ni mo fi sọ ọ́, gbogbo wọn sì dúró. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó.