Òkúta Tí Máfọ̀ọ́pọ̀ Fẹ́ Wọ̀ Sọ́wọ́

Sún mọ́bí, jàre. Fa àpótí yẹn síwájú, kó o jókòó kó o gbọ́, torí ohùn mi ò ròkè lónìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ sọ, ẹni tá à ń pè ní Máfọ̀ọ́pọ̀.

Àwa méjèèjì la jọ ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ ọsibítù. Èmi ń lọ aṣọ, òun ló ń fọ̀ ọ́. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi dúró ti máṣíìnì ńlá mẹ́ta, tí oru omi gbígbóná ń bò ó lójú, débi pé tó o bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wàá kọ́kọ́ rí ọwọ́ ẹ̀ kó o tó rí orí ẹ̀. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló funfun: ògiri, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, oru. Irun ẹ̀ pàápàá ti ń funfun kí tèmi tó rò ó wò. Nígbà míì, tí oòrùn bá gba fèrèsé òkè wọlé, á dà bíi pé inú ìkùukùu la wà, tá à ń ká ìkùukùu, tá à ń tò ó sórí pẹpẹ.

Orúkọ yẹn, ẹnu ẹ̀ ló fi fà á. "Má fọ̀ ọ́ pọ̀! Má fọ̀ ọ́ pọ̀!" Àárọ̀, ọ̀sán. Aṣọ àwọn tó ní àrùn tó ń ràn ò gbọdọ̀ fara kan aṣọ ọmọ tuntun. Òwú pupa ló fi ń rán nọ́ńbà sí igun aṣọ kọ̀ọ̀kan. Tó o bá gbé aṣọ fún un, kò ní kí ẹ káàárọ̀. "Ibo lèyí ti ń bọ̀?" lá kọ́kọ́ bi ẹ́. Èmi á ní, "Ilé ọkọ ẹ ni." Òun á ní, "Ẹlẹ́nu, ẹnu ẹ ni kí n kọ́kọ́ jù sínú máṣíìnì."

Ó ní àbúrò ọkùnrin kan, èyí tó tẹ̀ lé e gan-an. Ọmọ yẹn rẹwà, ó sì mọ irọ́ dídùn pa. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń walẹ̀ wá dáyámọ́ńdì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wálé. Ọjọ́ yẹn ni Máfọ̀ọ́pọ̀ bi í bóyá lóòótọ́ ni òkúta yẹn máa ń tàn nínú ilẹ̀ bí ìràwọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ̀rún ọṣẹ tó gbẹ sétí bàsíà ló rí." Ó ní òun á mú ọ̀kan bọ̀ fún un.

Ihò tí wọ́n ń gbẹ́ ya lulẹ̀ lé òun àti àwọn mẹ́rin míì lórí. Ihò tí ò ní òpó, tí ò sí ìwé kankan tó sọ pé ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀. Wọn ò gbé wọn jáde. Àwọn tó ni ihò kàn lọ gbẹ́ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni, òkúta sì ń jáde níbẹ̀ lọ sọ́jà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Àtìgbà yẹn ni Máfọ̀ọ́pọ̀ ti ń lá àlá kan ṣoṣo. Aṣọ funfun pọ̀ lórí okùn, okùn náà ò lópin, àbúrò ẹ̀ á máa rìn láàárín wọn. Òjìji ẹ̀ nìkan lá máa rí. Á gbọ́ tó ń bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni tèmi nínú ẹ̀?" Á máa tẹ̀ lé e, aṣọ á máa gbá a lójú, á tutù, òórùn ọṣẹ á máa jáde lára ẹ̀, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí ọṣẹ bá sì kù bíńtín lọ́wọ́ ẹ̀ níbi iṣẹ́, á gbé e sí ìmọ́lẹ̀, á máa wò ó. Èmi tí mo ń fi gbogbo nǹkan ṣẹ̀fẹ̀, mi ò fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀ rí.

Nígbà tí ọsibítù ní ká lọ sinmi, wọ́n fún un lówó ìfẹ̀yìntì. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ní, "Màámi, ẹ fi ra máṣíìnì ìránṣọ, kẹ́ ẹ rí nǹkan máa ṣe." Ó ní dáyámọ́ńdì lòun fẹ́ rà. Ni ọmọ bá sáré pè mí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ìyá mi sọ̀rọ̀." Mo lọ. Mo ní, "Máfọ̀ọ́pọ̀, ìka tó ti hunjọ bí aṣọ tí mi ò tíì lọ̀ yìí, òun lo fẹ́ kó dáyámọ́ńdì lé?"

"Ìwọ kọ́ lo máa lọ̀ ọ́."

Ó wá jókòó tì mí, ó rọra sọ ọ́. "Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ kí n tó kú, bó tiẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí. Àmọ́ mi ò gbọdọ̀ gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá mi sọ́wọ́. Tí mi ò bá mọ ibi tó ti ń bọ̀, mi ò rà á. Dìde, ká lọ."

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ìgò lórí ìgò, iná lórí iná. Gbogbo nǹkan ń ṣẹ́jú sí wa. Ọmọbìnrin tó ń tajà tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, èékánná ẹ̀ ń dán ju ọjà lọ. Ó gbé òrùka kan jáde. Ó dà bíi pé ẹnì kan gé ẹ̀kán omi kan kúrò nínú àárọ̀ kùtù, ó wá dè é mọ́ góòlù.

"Màámi, ẹ wò ó. Òkúta tó mọ́ ni o, kò ní wàhálà kankan nínú."

"Ó mọ́?" Máfọ̀ọ́pọ̀ ní. "Ta ló fọ̀ ọ́?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé ẹ̀rí sílẹ̀. Ó ní nọ́ńbà kan wà lórí ìwé náà, pé nọ́ńbà ọ̀hún náà ni wọ́n kọ sí ìbàdí òkúta, àmọ́ ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Nọ́ńbà kẹ̀? Mo mọ̀ pé wọ́n ti kó sí ọwọ́ Máfọ̀ọ́pọ̀ nìyẹn.

"Gbé awò tẹ́ ẹ fi ń wò ó wá."

"Màámi, kò pọn dandan."

"Ọmọ mi, gbé e wá."

Máfọ̀ọ́pọ̀ di ojú kan, ó gbé awò sí ìkejì. Bó ṣe máa ń wo igun aṣọ gan-an nìyẹn. Ó ní, "Méje ló parí sí lára òkúta. Mẹ́rin ló parí sí lórí ìwé."

Ojú ọmọbìnrin náà yí padà. Òun náà wò ó, ó tún un wò. Ó fa dúrọ́ọ̀ jáde, ìwé bíi mẹ́fà wà níbẹ̀. Ó wá rí ìwé òkúta náà. Òkúta inú ìwé yẹn kéré ju èyí tó ti ń sọ fún wa lọ, àwọ̀ ẹ̀ sì pọ́n díẹ̀.

"Ẹ má bínú, màámi. Ìwé ló wọ inú ara wọn. Tọkàntọkàn, àṣìṣe ni."

"Mo gbà. Níbi iṣẹ́ tèmi, irú àṣìṣe yẹn lè pa ọmọ jòjòló. Ibo ni wọ́n ti wà á?"

Ó yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn. "Wọn ò kọ ìyẹn sí i, màámi. Bó ṣe wúwo tó, bó ṣe funfun tó, bí wọ́n ṣe gé e. Ó tán."

"Á jẹ́ pé nọ́ńbà aṣọ lẹ ní, ẹ ò mọ ẹni tó sùn lórí ẹ̀." Ó kí i pé ó dàbọ̀ dáadáa, a jáde.

Ẹsẹ̀ mi ti wú. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ ra òkúta yìí ni àbí o fẹ́ lọ́kọ? Kó o tó fẹ́ bàbá ọmọ ẹ, o ò bèèrè tó báyìí."

"Ìdí tí mo fi ń bèèrè báyìí nìyẹn."

A gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ góòlù kan. Yàrá kan ṣoṣo, tábìlì kan tí awọ rọ̀ lábẹ́ ẹ̀ bí àpò, kí eruku góòlù má bàa ṣòfò, pẹ̀lú fèrèsé tó fẹjú. A jókòó. Ohun tí bàbá yẹn kọ́kọ́ ṣe, ó pa iná.

"Lábẹ́ iná mi, ìdí ìgò pàápàá á tàn," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká fi ojúmọmọ wò ó."

Máfọ̀ọ́pọ̀ sọ ohun tó bá wá, ó sọ ti àbúrò ẹ̀.  Bàbá nu ọwọ́, ó to òkúta mẹ́ta sórí aṣọ dúdú.

"Èyí, ọwọ́ oníṣòwò ni mo ti rà á. Lẹ́tà wà tó dárúkọ ibi tí wọ́n ti wà á, àti gbogbo ọwọ́ tó gbà kọjá. Mo gba lẹ́tà náà gbọ́, àmọ́ mi ò dé ibẹ̀ rí. Èyí, inú òrùka àtijọ́ ni mo ti yọ ọ́. Tíṣà obìnrin kan ló ni ín, ó lé láàádọ́ta ọdún tó ti rà á. Rìsíìtì ẹ̀ rèé. Èyí tó kẹ́yìn, máṣíìnì ló ṣe é. Kì í ṣe ìgò o, dáyámọ́ńdì gidi ni, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò wọ ihò nítorí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ tún un tà lọ́la, ohun tẹ́ ẹ máa rí lórí ẹ̀ ò ní tó nǹkan. Màá kọ ọ́ sí rìsíìtì pé máṣíìnì ni, kẹ́nì kankan má bàa fi tan ẹlòmíì jẹ."

Èmi ti rí tèmi. "Ti tíṣà! Àádọ́ta ọdún! Àbúrò ẹ ò tíì mọ imú ara ẹ̀ nù nígbà tí wọ́n wà á. Ọwọ́ ẹ̀ ò lè sí níbẹ̀."

Máfọ̀ọ́pọ̀ gbé ti tíṣà sí àtẹ́lẹwọ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọ inú ẹ̀, ó fọ́ wẹ́wẹ́, ó lọ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó dà bíi pé yàrá náà ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, tó ń léfòó. Mo ń gbọ́ aago bàbá. Mo ń gbọ́ bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ń mí. Ojú ẹ̀ wà lára òkúta, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ti lọ, ó ti wà láàárín àwọn aṣọ orí okùn yẹn. Mi ò pè é. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn.

"Bàbá, kì í ṣe àbúrò mi. Àbúrò ẹlòmíì ńkọ́?"

Bàbá kọjú sí fèrèsé. "Ìyẹn ni mi ò mọ̀. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń bèèrè. Mi ò ní purọ́ fún yín."

"Ẹ ṣeun." Ó dá a padà sórí aṣọ dúdú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Ó wá na ìka sí èyí tó kẹ́yìn.

"Ti máṣíìnì?" Mo fò dìde. "Gbogbo ọjọ́ ayé ẹ lo fi sin máṣíìnì, o tún fẹ́ gbé e sọ́wọ́ relé? Èyí kọ́ ni àbúrò ẹ ṣèlérí!"

"Mo mọ̀." Omi kún ojú ẹ̀, kò jábọ́. "Èyí tó ṣèlérí, kó máa mú un dání níbi tó wà. Mi ò ní lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Ẹlẹ́nu, gbogbo máṣíìnì tí mo dúró tì, kò sí èyí tí ìyá ẹ̀ ń retí nílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́nu mọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ mi ti ń wá bó ṣe máa ṣe é.

Máfọ̀ọ́pọ̀ gba awò, ó ka nọ́ńbà ara òkúta sókè, bàbá ń ka ti ìwé tẹ̀ lé e, ó bára mu délẹ̀. Ó ní góòlù ńkọ́, ibo ló ti ń bọ̀? Bàbá ní òrùka àtijọ́ lòun yọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kó kọ ìyẹn náà sí rìsíìtì, kó kọ bí òkúta ṣe wúwo tó, kó kọ ọ́ pé òun lè dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í de òkúta náà mọ́ orí òrùka, ó rọra ń tẹ góòlù mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, oòrùn sì ń yí kúrò lápá kan tábìlì bọ́ sí ìkejì. Mo bọ́ bàtà. Mo sùn lọ díẹ̀.

Ìgbà tí mo la ojú, òrùka ti wà ní ìka Máfọ̀ọ́pọ̀. Ó na ọwọ́ sí ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ kéékèèké ń rìn lára ògiri, lórí iwájú orí bàbá, lórí àyà mi. Mo bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn: má fi fọ abọ́, má fi ha ara, má jẹ́ kí ọmọ ẹ yá a.  Máfọ̀ọ́pọ̀ ká rìsíìtì náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ inú pọ́ọ̀sì, ó dìde.

"Bàbá, ó dàbọ̀ o."

Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Èmi ṣì ń fẹsẹ̀ wá bàtà mi kan lábẹ́ tábìlì, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, kò yára, kò dúró.