Ọmọ Tí A Ò Rí Ojú Rẹ̀

Òórùn àtíkè ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya àwa ọmọbìnrin mélòó kan sínú fídíò orin olórin kan, mo pẹ́ níwájú dígí nínú yàrá wa ní Asawase débi pé ìyá mi bi mí pé, “Ṣé ìwọ ni ìyàwó ni?” Mo ní ìnáwó ọ̀rẹ́ mi ni mò ń lọ. Mo lé tìróò, mo nù ún, mo tún un lé. Ojú yẹn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Kumasi ni wọ́n bí mi sí, Twi sì yọ̀ lẹ́nu mi ju Yorùbá lọ, síbẹ̀ “Alátà”, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé, bí ẹni pé àná ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo wá rò ó pé bí wọ́n bá rí ojú mi nínú fídíò, gbogbo ìlú á mọ̀ mí, n ò sì ní máa dá jókòó mọ́. Ọgbọ́n ọmọdé!

Olórin náà wọ kóòtù, dígí dúdú bò ó lójú. Aṣọ tí kò tó ìnujú ni wọ́n fún àwa ọmọbìnrin. Kò sí ẹni tó bi wá lórúkọ. Ẹni tó ń ya fídíò kàn ń pariwo ní Twi pé, “Dan wo ho! Dan wo ho!” Mo yí padà bó ti wí, mo kẹ̀yìn sí i, mo ń retí kó ní kí n kọjú sí òun. Kò sọ bẹ́ẹ̀ títí a fi parí. Èmi sùẹ̀gbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ògiri.

Nígbà tí fídíò náà jáde, mo wà pẹ̀lú ìyá mi ní ọjà Kejetia, níbi tí ìyá mi ti ń ta àgádágodo. Ẹni tó ń ta fóònù lọ́ọ̀ọ́kán wa gbé e sí tẹlifíṣọ̀n ńlá. A rí ojú olórin, a rí ọkọ̀ olórin, a rí eyín wúrà olórin. Lẹ́yìn náà ni ìdí kan gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n, ó ń mì. Pín-ìn-nì tí wọ́n fi há síkẹ́ẹ̀tì pupa tí wọ́n fún mi mọ́ mi lára ni mo fi dá ara mi mọ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ orin náà parí, ojú mi ò yọ.

Àwọn ọkùnrin tó ń kọjá dúró, wọ́n ń nàka, wọ́n ń pariwo “Hwɛ! Hwɛ!”, ẹ wò ó, ẹ wò ó. Èmi gan-an dúró láàárín wọn, ẹnikẹ́ni ò wò mí. Ìyá mi káwọ́ lérí.

“Àsìtàfírúláì! Ọmọ ta rèé? Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ ká rí ojú ọmọ ọlọ́mọ. Èyí náà ní ìyá o!”

Ìyá mi di ọwọ́ mi mú bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ọjà kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà, n ò sì tíì dá nìkan wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdún ti gorí ọdún. Èmi ni mo ń ta àgádágodo báyìí, ìyá mi kàn ń wá jókòó tì mí ni. Orin náà ò kú, àwọn ọlọ́kọ̀ ṣì ń gbé e sí i. Bí ìyá mi bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á ní, “Orin ọmọ yẹn nìyí, ọmọ tí a ò rí ojú rẹ̀.” Wọ́n á wá ṣàdúà fún un, kí Ọlọ́run bò ó láṣìírí, kó má jẹ̀ẹ́ kó dá nìkan wà níbikíbi tó bá wà. Àìmọye ìgbà lọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi, tí mo gbé e mì. Èmi tí mo jókòó tì wọ́n ni mo máa ń ṣe àmín.