Wàláà Tí Bàbá Dùùrù Fi Kọ́ Wa

Ó ti dìgbà o, Bàbá Dùùrù. A wò yín títí, a kò rí yín mọ́. N kò ní ké ju ìyẹn lọ, nítorí ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo ní pálọ̀ yín rí. Àwọn mìíràn yóò kọ ọ́ síbí pé erin wó, pé àjànàkú sùn bí òkè. Ẹ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ kúrú, ẹ sì máa ń fi ìrọ̀rí sí orí àga kí ẹ tó lè jókòó dáadáa sídìí pìánò. Àgbà olùkọ́ tí kì í na ọmọ, tí kì í sì í yin ọmọ, ohun tí èmi Rùkáyátù, akẹ́kọ̀ọ́ yín, mọ̀ nípa yín ni mo fẹ́ sọ.

Kútà ni wọ́n bí yín sí, nínú ilé àgbẹ̀. Ẹ sọ fún wa pé dùùrù kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín nígbà náà, àti pé lẹ́yìn ìsìn nìkan ni alùdùùrù ń fi kọ́ yín, tí yóò sì tì í pa títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Báwo ni ọmọ yóò ṣe kọ́ ohun tí kò sí nílé? Ẹ wá pátákó kan, ẹ ya ojú dùùrù sí i, funfun àti dúdú, ẹ sì ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ láìgbọ́ ohùn kankan.

Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí ẹ ra pìánò sí pálọ̀ yín ní Ìwó, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe kọ́ wa. Ẹni tó bá dé yóò fọwọ́, yóò nù ún, yóò sì jókòó ti pátákó fún odidi ọdún kan, ọwọ́ ọ̀tún kọ́kọ́, kí ọwọ́ òsì tó tẹ̀lé e. Pìánò wà níwájú wa lábẹ́ aṣọ funfun, a kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ óò máa rìn lẹ́yìn wa, ẹ óò ní, "Ìka kẹrin yẹn ń ṣọ̀lẹ." Ẹni tó bá ṣe é tí kò lábùkù yóò gbọ́, "Ó kù díẹ̀." Àwọn òbí kan ní ẹ ń fi ọmọ àwọn ṣeré, wọ́n kó ọmọ wọn lọ. Ẹ kò pè wọ́n padà.

Ìyá mi, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ló mú mi wá bá yín nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Bàbá mi kò mọ̀. Alfa ni wọ́n, àwọn ló ni ilé kéwú agboolé wa, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́ pé ilé alùdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, ó parí nìyẹn. Wọ́n sì gbọ́. Ní Sátidé kan, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí n bọ́ sídìí pìánò gan-an, mo gbójú sókè, mo rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. N kò tíì fẹ́ ohunkóhun láyé mi tó bí mo ṣe fẹ́ pìánò yẹn.

Ẹ ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Alfa. Ẹ jókòó." Ẹ sì padà sẹ́nu iṣẹ́ yín. Bàbá mi wo àwa ọmọ mẹ́rin tí a gbé pátákó lé itan, tí a ń tún ohun kan náà ṣe láìmọye ìgbà. Nígbà tó yá, wọ́n gba tèmi lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i padà. Ìgbà náà ni mo rí àmì tàdáà, yíǹkì àwọn alfa, tí omi kò fọ̀ tán lẹ́yìn rẹ̀. Wàláà ni, èyí tí àwọn ọmọ ilé kéwú fi ń kọ́ Kùránì! Èmi ọmọ Alfa ti fi ọdún kan tẹ̀ ẹ́, n kò dá a mọ̀.

Ẹ kò wá ọ̀rọ̀ dídùn kankan. Ẹ ní ọ̀rẹ́ yín kan ní Kútà, ọmọ mùsùlùmí, ló fún yín nígbà tó ka Kùránì parí, tó ṣe wòlímọ̀ tán, òun sì ni pátákó àkọ́kọ́ tí ẹ ya dùùrù sí.

Bàbá mi ní, "Ṣé ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kùn ún?"

"Ọ̀rẹ́ mi ló fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó mu omi rẹ̀, kó tó gbé e fún mi."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún Kùránì kì í da omi wàláà nù. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, Tíṣà. Kó máa wá. Ṣùgbọ́n kó má pa ìrun Àlàásárì jẹ o." Láti ọjọ́ náà, bí Àlàásárì bá ti tó, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ rántí.

Èmi náà ti di olùkọ́ dùùrù ní Ilé-Ogbó, pátákó sì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Etí yín ti di pátápátá nígbà tí mo wá kí yín kẹ́yìn, àwọn ènìyàn sì rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ nawọ́ sí wàláà náà lára ògiri. Mo fọwọ́, mo jókòó ti ibùsùn yín, mo fi ìka lu orin kan lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú yín kò kúrò lára ọwọ́ mi. Kí n má parọ́, mo ń retí pé ẹ óò yìn mí lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó lọ. Ẹ ní, "Ó kù díẹ̀." Inú bí mi. Mo gun ọ̀kadà padà sílé, inú ṣì ń bí mi. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè mí pé ẹ ti kú.

Àwọn ọmọ yín ti gbé wàláà náà fún mi. Láàárọ̀ yìí mo jókòó tì í, mo sì sunkún, ohun tí n kò tíì ṣe láti ìgbà tí wọ́n pè mí. Lẹ́yìn náà mo lu orin yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rí i. Ìka kẹrin ọwọ́ òsì, ní ìlà tó kẹ́yìn, ó ń ṣọ̀lẹ.

Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá mi. Ẹ sinmi, ẹ sùn ire o. Ó kù díẹ̀, mo sì ti wà lẹ́nu rẹ̀.