Ọwọ́ Àna Mi Lẹ́yìn Ọrùn Mi

Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ̀nà ńlá tó gba ẹ̀bá Ṣàgámù kọjá lọ sí Ìbàdàn ni ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo sì mọ ẹni tó ń ṣe mí. Tàbí kí n ní mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ní ti ká fura sí èèyàn, mo gba dìgírì.

Iṣẹ́ obì là ń ṣe, èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, lábẹ́ àtíbàbà kan ní Mákun, ní Ṣàgámù. Òun ló ń lọ ra obì wá láti Akaka, èmi ni mò ń ṣà á. Èèyàn kì í nàró ṣa obì. Màá jókòó sórí àpótí kúkurú, màá gbé apẹ̀rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, màá dorí kodò, màá máa wá ojú ihò tí kòkòrò gbà wọlé. Obì kan ṣoṣo tó ní kòkòrò, bó bá bá àwọn yòókù dé òkè Ọya, á ti ba gbogbo wọn jẹ́. Nítorí náà, láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, àgbọ̀n mi kì í kúrò láyà mi.

Àna mi kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n àna ni àna, ẹni tó fún ọ níyàwó kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ. Láràárọ̀, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Òun náà á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ gbá mi pẹ́pẹ́ lẹ́yìn ọrùn, á ní, "Ẹ dìde, àna mi. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

Ibi tó ń fọwọ́ gbá yẹn gan-an ló ń dùn mí! Ìrora á ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, á gun ìpàkọ́, á wá jókòó sí iwájú orí mi bí onílé. Mo sì ti gbọ́ tó ń sọ fún ẹnìkan pé àtíbàbà wa ti há jù fún èèyàn méjì. Ẹni tí àyè há mọ́, ta ni yóò kọ́kọ́ tì síta? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra. Mo ń dọ̀bálẹ̀ lọ́nà jíjìn, nítòsí gọ́tà, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní tó mi. Mo sì yí àpótí mi díẹ̀, kí n lè máa yíjú wò ó. Ẹ̀yìn mi lápá ọ̀tún ló ń jókòó sí, lórí àga onífẹ̀yìntì, pẹ̀lú tábìlì níwájú rẹ̀. Ọwọ́ mi ń bẹ nínú obì, ojú mi ń bẹ lára àna, ọrùn mi ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Kò pẹ́ tí ìrora náà fi ṣí lọ sí apá ọ̀tún, apá ibi tí ọkùnrin yìí jókòó sí! Ẹ̀rí wo lẹ tún fẹ́?

Ẹ̀rí ṣì kù. Ọjọ́ tó bá lọ sí Akaka, ara mi á yá gágá. Màá bọ́ sórí àga rẹ̀ bí ọba, màá gbé apẹ̀rẹ̀ ka orí tábìlì, màá ṣa obì títí, màá máa súfèé lọ sílé. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi.

"Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá rìnrìn àjò, orí kì í fọ́ mi."

Ó fi ọbẹ̀ tó ń rò sílẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe?"

"Kó o kàn rò ó ni."

"Bàbá wọn, ọmú kan náà la jọ mu. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá là á lẹ́nu pé ó ń fọwọ́ pa yín, màá palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Mi ò lè máa sun ilé ẹni tó pe ẹ̀gbọ́n mi ní apànìyàn."

Mo dákẹ́. Ta ni kò fẹ́ràn aya rẹ̀? Ṣùgbọ́n ọrùn ò dákẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá fún wa. Mo dorí kodò, orí ń lù mí kì kì kì. Mo gbọ́ sálúbàtà àna mi lẹ́yìn mi, mo sì rí òjìji ọwọ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí ọrùn mi. Mo fò dìde. Apẹ̀rẹ̀ dojú dé, obì yí lọ sójú títì.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí o! Kí lẹ fi sọ́wọ́?"

Gbólóhùn ti jáde. Ìyàwó mi gbé abọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń wò mí. Àna mi wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mo fẹ́ sọ fún yín pé kẹ́ ẹ jókòó dáadáa ni," ó wí. "Ẹ ń wò mí bí adìẹ tó rí àṣá. Mo rò pé ẹ ń bá mi bínú."

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní àtíbàbà há ni?"

"Ó há! Mo fẹ́ ká gba ti ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn ni!"

Ìyàwó mi ló dá sí i. "Bàbá wọn, ọjọ́ tí wọ́n bá lọ sí Akaka, orí àga ta lẹ máa ń jókòó sí?"

Mo yíjú wo àga àna mi.

"Ẹ jókòó síbẹ̀ lónìí, kí ẹ̀gbọ́n mi náà wà níbí, ká wò ó," ìyàwó mi wí. Kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó sì jókòó tì wá, ó kọ̀, kò lọ sílé.

Àna mi fa àga fún mi. Mo kọ́kọ́ tẹ̀ ba, mo wo abẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n so nǹkan mọ́ ọn. Aláǹtakùn kan ló wà níbẹ̀. Mo jókòó, mo gbé apẹ̀rẹ̀ ka orí tábìlì. Àna mi bọ́ sórí àpótí mi, ó dorí kodò sínú apẹ̀rẹ̀ kejì.

Nígbà tí a ó fi dá iṣẹ́ dúró, orí mi fúyẹ́ bí òwú. Àna mi dìde láti orí àpótí, ó di ìpàkọ́ mú, ó ń yí ọrùn bí ẹni tí irun rẹ̀ há sí ẹnu ilẹ̀kùn.

"Àna mi," ó ní, "kí lẹ fi sábẹ́ àpótí yìí?"

Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi tó bú sẹ́rìn-ín, tó palẹ̀ abọ́ mọ́. Abọ́ nìkan ló palẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, a bẹ káfíńtà lọ́wẹ̀ tábìlì àti àga kan sí i. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àna mi nítòsí, ó gbá mi lọ́rùn, ó ṣàdúrà. Àmín ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ gbójú sókè, mo wo ọwọ́ rẹ̀ ná.