Ọ̀dà Gbinrin Lára Apá Ọkọ̀ Òfurufú

Gbinrin là ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, torí ohunkóhun tó bá fọwọ́ kàn gbọ́dọ̀ dán gbinrin. Òun ló ń kun ọkọ̀ òfurufú kéékèèké lọ́dà nínú ilé onípáànù ńlá létí òkun, níbi tí àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Atẹ́gùn oníyọ̀ a máa jẹ ara alumíníọ̀mù wọn ní ihò wínníwínní. Ẹ̀gbọ́n mi, oníṣègùn ńlá, a fi pọ́tì dí ihò náà, a kun ọ̀dà lé e, a sì máa wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ara aláìsàn ti yá nìyẹn!

Ó wá lọ fẹ́ ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ òfurufú wò. Ìyàwó wa ń wá ibi tó sán, ọkọ rẹ̀ ń bò ó. Ẹ ò rí tọkọtaya tó mọwọ́ ara wọn?

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó wa fọwọ́ tọ́ ìdí apá ọkọ̀ òfurufú tí àbíkẹ́yìn ilé wa máa ń gbé fò.

"Olówó orí mi, ẹ bá mi bó ọ̀dà ibí yìí. Mo fẹ́ wo abẹ́ ẹ̀."

"Ọ̀dà tuntun? Ṣé alumíníọ̀mù ń dípẹtà ni?"

"Kì í dípẹtà bí irin, àmọ́ iyọ̀ ń jẹ ẹ́. Tí apá bá wá ń gbọ̀n lókè lójoojúmọ́, ibi tí iyọ̀ ti jẹ ló máa ti sán. Àbúrò yín ló sì fẹ́ gbé e fò lọ́la."

Inú bí Gbinrin. Ó pe gbogbo wa jọ ká wá wo bí ìyàwó òun ṣe máa tẹ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ bó ọ̀dà náà tòun ti pọ́tì abẹ́ ẹ̀. Ìyàwó wa da omi pupa kan tó máa ń wọnú ibi tó bá sán síbẹ̀, ó nù ún nù, ó fi lẹ́búlẹ́bú funfun kùn ún, a sì ń dúró.

Pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti fi pọ́tì dí, ó ń gùn lọ, ó gùn tó ìka ọwọ́. Àbíkẹ́yìn wa, tó ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, rọra jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti di ẹnu ògiri pa, aláǹgbá sì wà nínú ilé.

Wọ́n pààrọ̀ apá náà. Gbinrin ṣì ń kun ọkọ̀, ó ṣì ń dán. Àmọ́ tó bá kan ìdí apá, á dúró tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, á ní: "Ìyá ilé, jọ̀ọ́, wá bá mi wò ó." Bí àbíkẹ́yìn wa bá sì gbéra, Gbinrin ló máa ń wọlé gbẹ̀yìn. Ìdí apá ló ń wò lọ, kì í wo ọ̀dà mọ́.