Omi Ẹja Nínú Ẹ̀ẹ̀rùn

Nígbà tí ìjọba gbé bàbá mi kúrò ní Ìpóbẹ̀ lọ sí Ṣábẹ, láti máa kọ́ àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì nípa ẹranko àti ewéko, mo ti tó ọmọ tí í ru omi. Àwọn ológun ló wà lórí oyè. Níbi iṣẹ́, kámáráàdì ni kálukú ń pe ẹnì kejì rẹ̀, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, Mẹ̀sié, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gá, ni wọ́n ń pe bàbá mi. Òyìnbó olùkọ́ tó gbé inú ilé náà ṣáájú wa ti fi àpótí dígí ńlá kan sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ìyá mi fẹ́ kó àwo sínú rẹ̀. Bàbá mi ní rárá o, ẹja ni òun máa sìn níbẹ̀.

"Ẹja tá a máa jẹ?"

"Ẹja tá a máa wò."

Ìyá mi kó àwo rẹ̀ padà sí ilé ìdáná.

Bàbá mi a gun alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sí odò Òkpára, a sì gba ẹja láàyè lọ́wọ́ àwọn apẹja, a gbé e bọ̀ nínú korobá. Lákọ̀ọ́kọ́, bó ṣe bá wọn nínú àwọ̀n ló kó wọn pọ̀: epìyà, ọmọ àrọ̀ kan, àti àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó ń dán bí abẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn wẹ́wẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bàbá mi ní ológbò ni, ó fi pákó bo àpótí. Wọ́n ṣì ń dín kù, ikùn àrọ̀ sì ń tóbi. Ìgbà tó rí ìrù ẹja tó yọ lẹ́nu àrọ̀ náà ló tó gbà pé òun ló ń jẹ wọ́n. Ìyá mi fi àrọ̀ náà se ọbẹ̀, bàbá mi kò fọwọ́ kàn án.

Àwọn epìyà náà kò sàn jù. Akọ kan wà nínú wọn tó gbẹ́ ihò sínú yanrìn, tó sọ igun kan di tirẹ̀. Ẹja tó bá gba ibẹ̀ kọjá, á lé e, á fa lẹbẹ rẹ̀ ya. Bàbá mi dá gbogbo epìyà padà sódò. Ó wá ń sọ fún mi bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì:

"Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹja pọ̀, kó má wo ẹwà nìkan. Kó wo bí ẹnu kálukú ṣe fẹ̀ tó. Kó wo ẹni tó fẹ́ràn òkè omi àti ẹni tó fẹ́ràn ìsàlẹ̀. Èyí tó bá ń jà nítorí ilẹ̀, kò ṣe é kó mọ́ra."

Nígbẹ̀yìn, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ló kó wá, wọ́n pọ̀ díẹ̀, nítorí ó ti rí i pé bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá dá wà, kì í jẹun, ìbẹ̀rù ni í pa á. Ó fi àwọn ẹja kéékèèké kan tó ní irùngbọ̀n kún wọn. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń wà, wọ́n ń ṣa àjẹkù, ẹnu wọn kò sì lè gbé ẹnikẹ́ni mì. Wọ́n bára wọn gbé. Àwọn ọmọ àdúgbò ń dúró lójú fèrèsé wa láti wò wọ́n, èmi náà ń gbéra ga.

Ẹ̀ẹ̀rùn wá dé. Àwọn òkè àpáta tó yí wa ká gbóná bí ààrò, kànga gbẹ, a sì ń tò pẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Ṣùgbọ́n bí a kò bá pààrọ̀ omi ẹja, ẹja á kú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bu omi àtijọ́ dà sídìí igi kajú lẹ́yìnkùlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá àgbàlagbà tó wà nílé kejì, tó ń dáko iṣu, ń ti ìdí ẹ̀rọ bọ̀ pẹ̀lú abọ́ òfìfo. Ó dúró.

"Ọmọ mi, omi kí lò ń dà nù?"

"Omi ẹja ni, ìyá."

Ó sọ abọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Da ìyókù síbí. Màá fi fọ aṣọ ọmọ-ọmọ mi."

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Mo da omi náà sínú abọ́ rẹ̀. Mo wọlé lọ sọ fún bàbá mi. Ó jókòó, ó ní, "Ojú tì mí." Mi ò gbọ́ ọ rí kí bàbá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ó ní ní ọ̀la a ó dá àwọn ẹja náà padà sódò.

Ìyá mi ti sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá ilé kejì wọlé, ó ru abọ́ omi, ó fi ewé lé e lójú kó má baà dà.

"Mẹ̀sié, wọ́n ní nítorí omi lẹ ṣe fẹ́ lọ da ẹja yín nù. Ọmọ-ọmọ mi ti sunkún títí. Mo tún padà lọ sídìí ẹ̀rọ, mo rí díẹ̀, ẹ gbà."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ẹ gbà á, ó ń wúwo."

Kíkọ̀ á di ìwọ̀sí. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí siminti, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ìyá náà dúró títí ó fi dà á sínú àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ẹja náà. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò lè jáde.

Síbẹ̀, láàárọ̀, bàbá mi kó àwọn ẹja sínú korobá, ó gbé e ka iwájú mobilẹ́ẹ̀tì, èmi àti ọmọ-ọmọ ìyá náà jókòó sẹ́yìn, a sì dà wọ́n sódò. Àwọn wẹ́wẹ́ kóra jọ, wọ́n lọ pọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pàdé ìyá yẹn, mo ti kúnlẹ̀, ojú mi wà nílẹ̀. Ó máa ń sọ fún ìyá mi pé wọ́n tọ́ mi dáadáa, pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í wo ojú àgbà.